Ẹ bá mi wá ẹni tó gba iṣẹ́ ara ènìyàn ṣe, mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kàn án

Kò_Dá_Mi_Lójú

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Ó di ọjọ́ mẹ́ta òní tí ojú mi ti ń rí màbo lọ́wọ́ eyín kan. Ọ̀kan lára àwọn tó máa ń yọ gbẹ̀yìn lẹ́nu àgbàlagbà yẹn ni. Kí tèmi tó dé, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ti kún, ló bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń forí kan eyín tó bá níbẹ̀. Dókítà ní ọjọ́ Ẹtì lòun máa yọ ọ́.

Ibi tí mo ti ń fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú ni ẹnìkan ti fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rí méje tó fi hàn pé irọ́ ni ẹfolúṣọ̀n, ẹ̀kọ́ tó ní ohun alààyè ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Ẹ̀rí kìíní: ara ènìyàn pé pérépéré débi pé ọlọ́gbọ́n kan ló ní láti jókòó kó tó lè ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹnu ò sì ṣeé là.

Kí n ti sọ ọ́ kí ẹ má baà ní mo fi pamọ́: èmi ò gbà pé Ọlọ́run kankan wà. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó wà, ká ní ọjọ́ mẹ́fà ló sì fi ṣe gbogbo rẹ̀, ṣé ẹ ò rí i pé ìkánjú wọ iṣẹ́ náà? Ẹ wo ọ̀fun. Oúnjẹ àti èémí ń pàdé ní oríta kan ṣoṣo, wọ́n wá fi ìdérí kékeré kan síbẹ̀ kó máa darí ọkọ̀. Bí ìdérí bá tòògbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òkèlè ti ya ọ̀nà ibi tí kò yẹ nìyẹn.

Ẹ wo ojú. Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn, àwọn wáyà tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí ọpọlọ wá wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń dí i lójú. Kí wáyà tó lè jáde, ó ní láti lu awọ náà já, ibi tó gbà jáde yẹn kò sì ríran rárá. Gbogbo wa la ní ojú tó fọ́ níbì kan, ọpọlọ ló kàn ń bá wa fi àbá dí i. Octopus tó ń gbé inú òkun, ẹ̀yìn ni wáyà tirẹ̀ gbà, kò ní àlàfo kankan. Àwa tí wọ́n ní wọ́n dá ní àwòrán Ọlọ́run la gba ojú tí wọ́n fi ẹ̀yìn síwájú.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ti òpó ìtọ̀ tí wọ́n fi gba àárín ẹ̀yà ara kan tó jẹ́ pé wíwú ni iṣẹ́ rẹ̀ béèyàn bá ti ń dàgbà.

Ta ni ká kọ̀wé sí?

Ọmọ_Ọba_Ògo

Ìwọ ọmọ yìí, ìgbéraga ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, kì í ṣe eyín. Amọ̀ ń bi amọ̀kòkò pé kí lò ń mọ! Ṣé o ti jókòó ka iye ìgbà tí ọkàn rẹ lù láti àárọ̀? Ó ń lọ sí bí 100,000 lójúmọ́, o ò ra epo sí i, o ò pe mẹkáníìkì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ò jọ ẹ́ lójú, eyín kan péré lo rí.

Àti pé Ọlọ́run dá a dáadáa. Ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ló ba nǹkan jẹ́.

Ìbéèrè mi kò le: bó bá jẹ́ pé ara ọ̀bọ la ti wá, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà?

Mo_Kàn_Ń_Kọjá

Mo ti gbé àga wá.

Kò_Dá_Mi_Lójú

Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ti ọkàn tó ń lù yẹn, mo gbà fún yín, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò yìí kò gbè yín. Kì í ṣe pé amọ̀ ń bínú. Ìkòkò ló ń jò, amọ̀kòkò sì ń fìyà jẹ ìkòkò nítorí pé ó ń jò.

Ti ọ̀bọ: ẹ̀yin àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín, bàbá àgbà kan náà ló bí àwọn tó bí yín. Nígbà tí wọ́n bí yín, ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín kú ni? Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀bọ tó wà lórí igi lónìí ló bí wa. Ẹbí ni wá. Bàbá àgbà tó bí wa pọ̀ ti kú tipẹ́, kò sì jọ èmi tàbí ọ̀bọ dáadáa.

Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ló ba nǹkan jẹ́, kí ni àgùnfọn ṣe? Ọrùn tirẹ̀ tún burú ju eyín mi lọ. @Tísà_Báọ́lọ́jì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Tísà_Báọ́lọ́jì

Wọ́n ti dárúkọ mi, mo dé.

Iṣan kan wà tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí gògóńgò, òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè sọ̀rọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ dé gògóńgò kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ọwọ́ òsì iṣan yìí á kọjá gògóńgò bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, á sọ̀ kalẹ̀ wọ àyà, á yí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lórí ọkàn po, á tún wá gun òkè padà. Nínú àgùnfọn, ìrìn àjò yẹn lè lé ní mítà 4, láti dé ibi tí kò ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ.

Kò sí ẹni tó máa jókòó ya àwòrán bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ẹja, ọ̀rọ̀ á yé yín. Ẹja kò lọ́rùn. Ibi tó fi ń mí wà nítòsí ọkàn rẹ̀, iṣan kan náà sì gba ẹ̀yìn òpó ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà. Nígbà tí ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lára àwọn tó jẹ́ ìran ẹja àtijọ́, ọkàn ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan sì ti há sábẹ́ òpó náà. Ìran kọ̀ọ̀kan kàn fi díẹ̀ kún un. Ẹfolúṣọ̀n kì í wó ilé kó tó tún un kọ́, inú ilé tí èèyàn ń gbé lọ́wọ́ ló ti ń kọ́lé.

Ẹ sọ ti eyín, ẹ ò sọ ti fítámì C. Ajá, ológbò, ewúrẹ́, gbogbo wọn ló ń ṣe fítámì C tiwọn nínú ara. Àwa kì í ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú ara, tó yẹ kó parí iṣẹ́ náà wà lára wa, ó wà níbẹ̀ ní fífọ́, bí ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ pátì rẹ̀ kúrò. Nítorí rẹ̀ làwọn atukọ̀ òkun ayé àtijọ́ tí kò rí èso jẹ fi máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, tí eyín wọn á máa mì. Jíìnì yẹn fọ́ lára ọ̀bọ chimpanzee náà, lọ́nà kan náà tó gbà fọ́ lára wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá gba ìdáhùn kan náà, mo lè ní wọ́n kàwé. Bí wọ́n bá jọ ṣe àṣìṣe kan náà ní ìlà kan náà, mo ti mọ̀ pé inú ìwé kan ni wọ́n ti dà á kọ.

Ọmọ_Ọba_Ògo

Tísà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń pè é ní àṣìṣe. A ti pe ẹ̀yà ara mélòó ní aláìwúlò rí tí a tún wá rí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà?

Kó yá mi. Ayé kò ju nǹkan bí 6,000 ọdún lọ, ìran tí Bíbélì kà láti orí Ádámù ló fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi rẹ́rìn-ín.

Òkúta_Ń_Sọ̀rọ̀

Mi ò fi rẹ́rìn-ín, àǹtí. Ẹni tó ṣe ìṣirò yẹn gbajúmọ̀, James Ussher, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Ireland. Ní 1650 ló gbé e jáde pé alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá, ọdún 4004 ṣáájú Kristi, ni ìṣẹ̀dá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé gidi ni, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà ló lò. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn tó ní ohun mìíràn lọ́wọ́ lónìí tí wọn ò lò ó.

Iṣẹ́ mi ni òkúta. Yùréníọ́mù, èròjà kan tó wà nínú àwọn òkúta kan, máa ń yí padà di òjé díẹ̀díẹ̀. Irú kan nínú rẹ̀, ó gbà á tó bílíọ̀nù ọdún 4.47 kí ìdajì tó yí padà. Bí a bá wọn èyí tó kù àti òjé tó ti di, a mọ ọjọ́ orí òkúta. Ní 1956, Clair Patterson wọn òjé inú àwọn òkúta tó já bọ́ láti òfuurufú, ó rí i pé ayé ti tó bílíọ̀nù ọdún 4.55. Láti ìgbà náà, a ti ń wọ̀n ọ́n ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kò yẹ̀ ju díẹ̀ lọ.

Abdul_Ìtẹ́lọ́rùn

Ẹ̀yin ará, àlàáfíà fún yín. Tiwa kò ní wàhálà yìí. Al-Ƙur'ān sọ pé ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Olúwa dà bí 1,000 ọdún nínú òǹkà tiwa. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn kì í ṣe wákàtí 24.

Kò_Dá_Mi_Lójú

Bùọ̀dá Abdul, mo ti ń retí yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́nà 1,000 jẹ́ 6,000 ọdún. Ibòmíràn tún sọ ti ọjọ́ kan tó tó 50,000 ọdún, ìyẹn á fún wa ní 300,000. Kí ayé nìkan tó lè wọnú ọjọ́ mẹ́fà, ọjọ́ kan ní láti tó nǹkan bí 750 mílíọ̀nù ọdún. Ẹ ṣì jẹ mí ní ọdún púpọ̀.

Àtúnṣe yẹn náà kò sì ran Jẹ́nẹ́sísì lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹta ni ewéko hù, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dá oòrùn. Bó bá jẹ́ wákàtí 24, ewéko lè fara dà á mọ́jú. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù ọdún, ó dàárọ̀ o.

Abdul_Ìtẹ́lọ́rùn

Mi ò sọ pé ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò sí i ná. Àfiwé ni "dà bí".

Kò_Dá_Mi_Lójú

Bó bá jẹ́ àfiwé, mo fara mọ́ ọn. Àfiwé ò bá mi jà rí.

Ọmọ_Ọba_Ògo

Òkúta, ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí òkúta yẹn ń bẹ̀rẹ̀? Ta ló sọ fún ẹ pé Ọlọ́run ò lè dá a kó ti gbó? Ádámù kò ṣe ìkókó. Ọkùnrin gidi ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a.

Òkúta_Ń_Sọ̀rọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Philip Gosse ti sọ èyí ní 1857. Ó ní dandan ni kí Ádámù ní ìdodo bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyá tó bí i, kí igi inú ọgbà sì ní òrùka tó ń ka ọdún nínú bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ni wọ́n dá a. Ó rò pé gbogbo ènìyàn máa gbóṣùbà fún òun. Àwọn onímọ̀ kò gbà á, àwọn onígbàgbọ́ gan-an sì bínú sí i, torí ohun tó ń sọ ni pé Ọlọ́run kọ irọ́ sára òkúta.

Ní oṣù kejì 1987, a rí ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù nítòsí wa, nítòsí ní ti òfuurufú. Ibi tó wà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi gba nǹkan bí 168,000 ọdún kó tó dé ojú wa. Bí ayé àti ọ̀run bá jẹ́ 6,000 ọdún, ìràwọ̀ yẹn kò bú, torí kò sí níbẹ̀ rí. Ọlọ́run kàn fi àwòrán ìbúgbàmù tí kò ṣẹlẹ̀ sójú ọ̀nà, kó lè dé ọ̀dọ̀ wa ní 1987. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn Rẹ̀, ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nípa Rẹ̀ nìyẹn?

Mo_Kàn_Ń_Kọjá

Ìbéèrè yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ọkọ̀ Nóà, mo bẹ̀ yín.

Kò_Dá_Mi_Lójú

Mo gbọ́! Gígùn 300 ìgbọ̀nwọ́, fífẹ̀ 50, gíga 30. Igi ni wọ́n fi kàn án. Àwọn onímọ̀ ti fún irú kòkòrò ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn tó tó 400,000 lórúkọ, ẹ jẹ́ ká ní gbogbo wọn wá orí ibùsùn tiwọn. Nínú ọkọ̀ onígi yìí, ikán méjì wà níbẹ̀, akọ àti abo. Àkókó méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ pátákó látàárọ̀. Èèyàn mẹ́jọ péré ló ń gbá ìgbẹ́, fèrèsé kan sì ni. Bí èmi bá ni ìyàwó Ṣémù, omi yẹn ni mo máa bẹ́ sí.

Ọkọ̀ wá gúnlẹ̀ sórí òkè. Àwọn koala méjì sọ̀ kalẹ̀, ewé igi yukalíptọ́ọ̀sì sì nìkan ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n rìn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn kúkurú, wọ́n sọdá òkun, wọ́n dé Ọsirélíà. Wọn ò bímọ lójú ọ̀nà, wọn ò kú lójú ọ̀nà, wọn ò fi egungun kan sílẹ̀. Kangaroo náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ pé ó rẹ òun, ẹ jẹ́ ká jókòó níbí.

Ọmọ_Ọba_Ògo

Iṣẹ́ ìyanu ni.

Kò_Dá_Mi_Lójú

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìyanu náà ni, kí la fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?

Alùfáà_Tó_Ń_Kàwé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo sì ti rẹ́rìn-ín níbi ti ìyàwó Ṣémù, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ṣùgbọ́n Kò_Dá_Mi_Lójú, ọmọ mi, ẹni tí ò ń bá jà kì í ṣe gbogbo wa.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé láti inú ìṣirò pé gbogbo àgbáyé ń fẹ̀ láti ibi kékeré kan, àlùfáà Kátólíìkì ni, Georges Lemaître, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 1927 ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde pé àgbáyé ń fẹ̀, ní 1931 ló dá a lábàá pé ibi kékeré kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá wá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ìṣẹ̀dá ní 1951, inú Lemaître kò dùn. Ó ní kí wọ́n má po sáyẹ́ǹsì àti ìgbàgbọ́ pọ̀. Francis Collins tó darí iṣẹ́ kíka gbogbo jíìnì ènìyàn, Kristẹni ni, ó sì gba ẹfolúṣọ̀n. Póòpù John Paul Kejì sọ ọ́ ní 1996 pé ẹfolúṣọ̀n ti kọjá àbá lásán.

Èmi kò ka Jẹ́nẹ́sísì bí ìwé òkúta. Mo kà á láti mọ ta ni mo jẹ́ àti ta ni mo jẹ ní gbèsè. Bí ọmọdé kan bá lu ìlù tí kò dún dáadáa, ìwọ wá ní ìlù kò dára. Mo tún fẹ́ béèrè: nígbà tí ìyá kan sin ọmọ rẹ̀, tó ní ó ń bẹ lọ́dọ̀ Olúwa, ṣé jíìnì fítámì C lo máa lọ kà fún un?

Kò_Dá_Mi_Lójú

Bàbá, ẹ ti gbá mi mú. Rárá, mi ò ní kà á fún un. Mo ti dúró létí sàréè rí, ẹnu mi sì wà ní pípa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo lọ gbé ìjà yìí wálé. Àwọn ni wọ́n wọ kíláàsì. Ní 1925, ní Dayton ní ìpínlẹ̀ Tennessee, Amẹ́ríkà, wọ́n gbé tísà kan, John Scopes, lọ sílé ẹjọ́ pé ó kọ́ ọmọ ní ẹfolúṣọ̀n, wọ́n bu dọ́là 100 lé e. Òfin tó ní kí tísà má kọ́ ọmọ ní ẹfolúṣọ̀n yẹn ò kúrò títí di 1967. Nígbà tó di 1987, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní wọn ò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ ìṣẹ̀dá inú Bíbélì bíi sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé ìjọba. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí "ìgbékalẹ̀ ọlọ́gbọ́n".

Èyí tó dùn jù nìyí. Ẹjọ́ ìyẹn dé iwájú Adájọ́ John Jones ní Pennsylvania ní 2005. Àwọn agbẹjọ́rò lọ tú àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ ìwé tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọ kà. Ibi tí "creationists" (àwọn tó gba ìṣẹ̀dá gbọ́) wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fẹ́ fi "design proponents" (àwọn tó ń gbè lẹ́yìn ìgbékalẹ̀) rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é kò pa èyí àtijọ́ rẹ́ tán. Ohun tó jáde ni "cdesign proponentsists". Ọ̀rọ̀ kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ti ìyá, tí ìrù rẹ̀ jẹ́ ti ìyá, tí ikùn rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ! Bàbá, gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi ń bi wá pé ẹ̀dá àárín méjì, èyí tó wà láàárín irú àtijọ́ àti irú tuntun, dà. Inú ìwé wọn ló wà.

Adájọ́ dá wọn lẹ́bi.

Òkúta_Ń_Sọ̀rọ̀

Ẹ̀dá àárín méjì tòótọ́ náà wà o. Àwọn kan ṣírò pé bí ẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun ilẹ̀, inú òkúta tó tó 375 mílíọ̀nù ọdún ló yẹ ká ti rí i. Wọ́n wá irú òkúta bẹ́ẹ̀ lórí máàpù, wọ́n lọ sí òtútù àríwá Kánádà, wọ́n wá a fún ọdún mélòó kan. Ní 2004 wọ́n rí i, Tiktaalik: ìpẹ́ àti lẹbẹ bíi ti ẹja, ṣùgbọ́n ó ní ọrùn, egungun ọwọ́ sì wà nínú lẹbẹ. Wọ́n ti sọ ibi tó máa wà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Mo dúpẹ́ pé ẹnìkan bi wá.

Ọmọ_Ọba_Ògo

Mo ti jẹ́ kí gbogbo yín sọ tẹnu yín. Ẹ bá mi dáhùn ẹyọ kan. Kí ẹja tó di ohun tó ń rìn, kí ọ̀bọ tó ní ẹbí, ohun alààyè àkọ́kọ́ pàá, ta ló fi ẹ̀mí sí i? Báwo ni òkúta àti omi ṣe jí?

Tísà_Báọ́lọ́jì

Ìbéèrè gidi ni. Ẹfolúṣọ̀n kò dáhùn rẹ̀, torí ó dìgbà tí ohun tó ń bímọ bá wà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A mọ àwọn èròjà kan tó lè dá ara wọn ṣe, ṣùgbọ́n a ò tíì rí gbogbo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò_Dá_Mi_Lójú

Mi ò mọ̀, àǹtí. Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí nìyẹn. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí àìmọ̀ tèmi di ìwé àṣẹ ilé fún ẹlòmíràn. Nígbà kan, a ò mọ ohun tó ń mú àrá sán, ẹnìkan sì ti ń gbé ibẹ̀.

Ọmọ_Ọba_Ògo

Ó kéré tán, o sọ pé o ò mọ̀. Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn láti òkè. Tísà, ẹ bá mi tún fi ti fítámì C yẹn ránṣẹ́, mo fẹ́ kà á dáadáa. Kì í ṣe pé mo gbà o.

Ìwọ, ọjọ́ Ẹtì ni eyín, àbí? Máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Màá gbàdúrà fún ẹ, bó o fẹ́ bó o kọ̀.

Kò_Dá_Mi_Lójú

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.

Kò_Dá_Mi_Lójú (ọjọ́ Àbámẹ́ta)

Wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti ẹni tó ń fọn fèrè. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá títí di ọjọ́ Ajé.

Ọmọ_Ọba_Ògo

Ògo fún Ọlọ́run! Ó ti dáhùn.

Kò_Dá_Mi_Lójú

Ó dáhùn kí ni? Ṣebí ìrora náà ṣì wà.

Ọmọ_Ọba_Ògo

Ta ló gbàdúrà nípa ìrora? Mo ní kó bá mi pa ẹnu rẹ dé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Kò_Dá_Mi_Lójú

Àǹtí, ìka ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.